Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Ẹgbẹ́ Wa: Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún



Ọ̀rọ̀ wa kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan olúkúlùkù wa. Ní ayé àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, inú ìwé ńlá ni akọ̀wé ń kọ ìpinnu sí, inú àpótí ni wọ́n sì ń tì í mọ́. Lónìí, tábúlẹ́ẹ̀tì ni akọ̀wé ń lò, irú ohun èlò pẹlẹbẹ tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní ọdún 2013, tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Orúkọ náà bá a mu. Ṣùgbọ́n bí ọpọ́n bá dojú dé, ohun inú rẹ̀ a dànù.

Ẹ ó rántí ohun tí ó bá wa. Akọ̀wé wa ń ti Ifo bọ̀ wá sí ìpàdé ní Mowe, ó gba ọ̀nà Èkó. Kí ọkọ̀ tó dé Ibafo, olè ti gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ. Orúkọ àwọn tí ó san owó ẹgbẹ́, àwòrán ilẹ̀ gbọ̀ngàn wa, àti ohùn ìyá àgbà kan tí ó sọ ìtàn bí a ti tẹ àdúgbò wọn dó, gbogbo rẹ̀ bá a lọ. Ìyá náà sì ti di ẹni ilẹ̀. A lè tún orúkọ kọ, a lè tún ilẹ̀ wọ̀n. Ta ni yóò jí ìyá náà kí ó tún sọ̀rọ̀? Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ wa kan ní Ìlú Ọba tí a ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí rí. Kì í ṣe ọgbọ́n wa ni ó yọ wá, oríire ni.

Nítorí náà, àdàkọ mẹ́ta ni kí a máa ní: ọ̀kan nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú fúláàṣì tí a tì mọ́ àpótí ní Ifo, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan tó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Bákan náà, bí a kò bá lo ẹ̀rọ Android fún ọjọ́ 57, Google lè pa àdàkọ rẹ̀ rẹ́.

Àdàkọ tí a kò dán wò kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí a bá ń ṣí ẹ̀rọ tuntun ni a ń dá àkọsílẹ̀ padà sínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò sì béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ó sì lè béèrè nọ́ḿbà tí a fi ń ṣí ẹ̀rọ àtijọ́. Bí akọ̀wé nìkan bá mọ̀ wọ́n, tí ọlọ́jọ́ dé, àdàkọ wà, kò sí ẹni tí yóò ṣí i. Ẹ jẹ́ kí a kọ wọ́n sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, kí Alága àti Akápò jọ máa tọ́jú rẹ̀.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo ṣe ń dífá ọrọọrún. Àwa náà, lẹ́yìn ìpàdé oṣooṣù, kí a tó jáde, ẹ jẹ́ kí a ṣe àdàkọ. Kí ohùn àwọn àgbà wa má parun lọ́wọ́ wa. Àṣẹ.