Àwo Ara Ògiri: Ta Ló Di Búrọ́ṣì Mú?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Onitsha, Ìpínlẹ̀ Anambra

 

Ọ̀rọ̀ àwo ni mo bá wá: àwo tí wọ́n fọwọ́ ya ọnà sí, tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, tí ẹnikẹ́ni kò ní bu ọbẹ̀ sí láéláé. Mo mọ̀ pé àwọn kan á máa sọ nínú ara wọn pé, kí ló kan oníṣòwò nínú ìyẹn? Ó kàn yín gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Main Market mọ̀ pé àwo wà lára ọjà tí kì í sinmi níbẹ̀, pàápàá nígbà tí ìsìnkú àti ìgbéyàwó bá pọ̀. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: àwọn kan wà ní Yúróòpù tí wọ́n ní ayàwòrán, wọn ò rí oníbàárà, àwa ní oníbàárà rẹpẹtẹ, a ò fún ayàwòrán níṣẹ́.

Riga, 1924

Orílẹ̀-èdè kékeré létí Òkun Baltic ni Látfíà. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù méjì lónìí. Ìbàdàn nìkan jù wọ́n lọ. Àwọn Jámánì ti jẹ gàba lé wọn lórí, àwọn Rọ́ṣíà náà sì jẹ tiwọn, kí wọ́n tó kéde òmìnira lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1918. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ara rẹ̀ á fẹ́ mọ ohun tó máa gbé kọ́ ara ògiri.

Ní 1924, Romans Suta, ìyàwó rẹ̀ Aleksandra Beļcova, àti ọ̀rẹ́ wọn Sigismunds Vidbergs, dá ilé ìyàwòrán kan sílẹ̀ ní Riga tó jẹ́ olú ìlú. Baltars ni wọ́n pè é. Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa: wọn ò po amọ̀, wọn ò sì mọ àwo. Àwo funfun tí ilé iṣẹ́ ti sun tán ni wọ́n ń rà, tí wọ́n wá ń ya ìgbéyàwó abúlé, àgbẹ̀ àti aṣọ ìbílẹ̀ sí, lọ́nà ìyàwòrán tuntun tó gbòde nígbà náà. Lọ́dún kejì, 1925, iṣẹ́ wọn dé ìpàtẹ ọnà àgbáyé ní Paris, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà.

Àmì ẹ̀yẹ kò ra ìrẹsì. Àwo náà wọ́n, àwọn tó lágbára àtirà á kò sì pọ̀. Baltars kò lo ọdún mẹ́wàá tó fi kógbá sílé.

Síbẹ̀, ọnà náà kò kú. Nígbà tí ìjọba Soviet gba Látfíà ní 1940, wọ́n fòfin de àsíá òmìnira, pupa, funfun, pupa. Àwo tó ní obìnrin aláṣọ ìbílẹ̀ lára ṣì wà lára ògiri, ó ń wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Lára àwọn àmì àtijọ́ wọn ni Jumis, àmì ìkórè tó kún, àti Auseklis, ìràwọ̀ òwúrọ̀ onígun mẹ́jọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Auseklis yìí ni àwọn èèyàn ń lẹ̀ mọ́ àyà nígbà tí wọ́n tún ń béèrè òmìnira. Wọ́n rí i gbà ní 1991.

Bí wọ́n ṣe ń yà á

Àwo funfun tó dára ti kọ́kọ́ wọ iná tó lè ju 1,300 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, ohun tó ń dán bíi gíláàsì sì ti bò ó. Ayàwòrán á po àwọ̀ mọ́ òróró: kóbọ́ọ̀tì ló ń fúnni ní àwọ̀ aró, bàbà ń fúnni ní àwọ̀ ewé, irin ń fúnni ní pupa rẹ́súrẹ́sú. Lẹ́yìn tó bá yà á tán, àwo á padà sínú iná tí kò gbóná tó ti àkọ́kọ́, láàárín 750 sí 850. Ohun dídán yẹn á rọ̀ díẹ̀, á gbá àwọ̀ mú, ó di ọ̀kan náà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tó jẹ́ ojúlówó, kó fi àtàǹpàkò pa á. Ojú ibi tí búrọ́ṣì gbà máa ń ga díẹ̀, ewé méjì kì í sì dọ́gba délẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sórí bébà, tí wọ́n wá lẹ̀ mọ́ àwo, máa ń dọ́gba láìyẹ̀. Kó yí i padà: ihò okùn sábà máa ń wà ní ìdí rẹ̀, pẹ̀lú àmì ilé iṣẹ́ tàbí orúkọ ẹni tó yà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bu oúnjẹ sí irú àwo bẹ́ẹ̀ o. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ àwọ̀ àtijọ́, májèlé sì ni òjé.

Ògiri tiwa náà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà òyìnbó ni àwo ara ògiri. Ní agbègbè Owerri, tí kò jìnnà síbí, àwọn Ìgbò máa ń kọ́ ilé Mbari nígbà àtijọ́ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ère kún inú rẹ̀, àwọ̀ kún ara rẹ̀. Nígbà tí àwo tánganran dé láti òkè òkun, wọ́n rì í mọ́ ògiri tútù, ó gbẹ síbẹ̀, ó di ara ọ̀ṣọ́ òrìṣà. Wọn ò bi àwo níbi tó ti wá. Iṣẹ́ tó máa ṣe nílé wọn ni wọ́n yàn fún un. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ náà to àfọ́kù ìkòkò sí ilẹ̀ ààfin àti ojúbọ ní ìlà ìlà, tó fi jẹ́ pé bí a bá ń walẹ̀ níbẹ̀ dòní, a ṣì ń bá a.

Àwọn tó ń ya ọnà kò wọ́n wa rí. Igbo-Ukwu wà ní ìpínlẹ̀ yìí gan-an. Nígbà tí Thurstan Shaw walẹ̀ níbẹ̀ ní 1959 sí 1960, ó bá ìkòkò tí ọnà jinlẹ̀ lára wọn, èyí tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹ yí owó ogún náírà padà, ẹ ó rí Ladi Kwali nídìí ìkòkò rẹ̀. Obìnrin Gwari yìí fín alángbá, ẹja àti àkekèé sára amọ̀ ní Abuja àtijọ́, tí a ń pè ní Suleja lónìí, títí ayé fi gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí Suta ṣe ní Riga, ọmọ Nimo kan ṣe é níbí. Uche Okeke wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Zaria ní 1958, pẹ̀lú Bruce Onobrakpeya, Demas Nwoko àti Yusuf Grillo ọmọ Èkó. Uli tí àwọn ìyá Ìgbò ń yà sára àti sí ògiri ló gbé wọ inú iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì gbé e dé Nsukka lẹ́yìn ogun abẹ́lé Nàìjíríà. Ní Ifẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń kun ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, Moyo Okediji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Ọnà ní 1989.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn aládìrẹ. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àwọn ará wa gbé ayẹyẹ náà sórí aṣọ aró, a sì ń pe bátànì náà ní adìrẹ Olọ́ba. Ọba òkèèrè ni, ọwọ́ wa ló yà á.

Ibi tí owó wà

Ẹ wá wo òde ìnáwó wa. Bàbá kú, a sin ín pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Àwo dé ní páálí páálí, fọ́tò bàbá wà láàárín, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú wà nísàlẹ̀. Aṣọ ìfọwo bá a díẹ̀, ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ọdún kejì, a ń fi bàbá bo ìkòkò ọbẹ̀. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, bẹ́ẹ̀ owó wa gan-an la fi ra ìyẹn.

Owó tí Baltars wá títí tí kò rí wà nínú àpò wa lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, àbá mi kò le. Ẹni tó fẹ́ pín 300 àwo, kó jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe 280, kó fi 20 tó kù sílẹ̀ fún àwọn àgbà ẹbí, kí wọ́n fọwọ́ yà á: oríkì ìdílé, bátànì adìrẹ, tàbí uli bí ìyàwó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí. Kí ayàwòrán kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdí àwo. Ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà wà ní Yunifásítì Nnamdi Azikiwe ní Awka, ó wà ní Nsukka, ó wà ní Ifẹ̀ àti ní Yaba Tech. Àwọn ọmọ tó ń jáde níbẹ̀ ń wá iṣẹ́ kiri. Ààrò oníná kékeré tó lè dé 850 ti tó fún wọn, torí àwo funfun tí ẹ̀yin ń kó wọlé ti wọ iná ńlá tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan á ní ó máa wọ́n ju ti ẹ̀rọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa wọ́n. Aṣọ òkè náà wọ́n ju àǹkárá lọ, síbẹ̀ kò sí ìgbéyàwó ńlá tí a kì í ti wọ̀ ọ́. Ohun tí a bá kà sí ẹ̀yẹ, a máa ń wá owó rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò àwo, ọwọ́ yín ló kù sí. Nígbà tí ọjà bá tún dé, ẹ ya páálí funfun kan sọ́tọ̀ tí kò ní àwòrán kankan lára, kí ẹ sì pe ayàwòrán kan wá sí ìsọ̀.