Kí La Fẹ́ Kà Lọ́wọ́ Àwọn Ọmọ Tó Ń Bá Wa Kọ Sọ́fíwia?

Alága ní kí n má pẹ́, n kò ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mẹ́rin tí wọ́n ń ṣe ètò ìsanwó ẹgbẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan nínú wa ní kí oníkálùkù mú iye ìlà kóòdù tó kọ wá, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Ti ọmọbìnrin tó ń gbé Ibafo ló kéré jù. Wọ́n ti ń sọ pé ká yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń gbowó.

Ẹ jẹ́ ká fi oko wò ó. Àwọn bàbá wa máa ń fi ebè wọn iṣẹ́: ẹni tó bá kọ igba ebè, gbogbo ayé á rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti gba lébìrà rí, ẹ mọ̀ ọ́n: tó bá jẹ́ iye ebè lẹ ń sanwó lé, kò ní pẹ́ tí ebè á fi máa kéré sí i. Iṣu wo ló fẹ́ ta nínú ebè tí kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ? Kóòdù tiẹ̀ tún le ju ebè lọ, torí pé èyí tó kúrú ló sábà máa ń dára.

Ní 1982, ní ilé iṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀gá ní kí àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà Lisa máa kọ iye ìlà tí wọ́n kọ lọ́sẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Bill Atkinson ṣẹ̀ṣẹ̀ tún apá kan iṣẹ́ rẹ̀ kọ ni. Ó yára tó ìlọ́po mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀, ìlà rẹ̀ sì fi 2,000 dín. Ohun tó kọ sí fọ́ọ̀mù nìyẹn: ó dín 2,000. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kó má kọ fọ́ọ̀mù mọ́.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó, wákàtí tí èèyàn fi jókòó ni wọ́n ń kà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń kúrò ní Mowe nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Long Bridge. Tí mo bá dé, mo ń tòògbé lórí tábìlì ni. Lójú tiwọn, òṣìṣẹ́ gidi ni mí!

Nínú ìwé Accelerate tí Nicole Forsgren, Jez Humble àti Gene Kim gbé jáde ní 2018, ohun mẹ́rin ni wọ́n ní ká máa wò. Ìgbà mélòó ni iṣẹ́ ń dé ọwọ́ àwọn tó ń lò ó? Tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, ọjọ́ mélòó ló fi ń dé ọ̀hún? Mélòó ló ń bàjẹ́ nínú àtúnṣe tí wọ́n ṣe? Tó bá sì bàjẹ́, ṣé ó ń tètè dìde? Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ lápapọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n báyẹn o, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Mo wo iṣẹ́ àwọn ọmọ wa fúnra mi. Ọmọbìnrin yẹn ló ń yẹ iṣẹ́ àwọn yòókù wò kó tó jáde. Òun ló rí i pé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí èèyàn ń sanwó, ẹ̀ẹ̀mejì ni ètò náà ń gbowó. Ìlà mọ́kànlá péré ló fi tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, owó yín ni ì bá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ orúkọ rẹ̀. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ká bi àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀: èèyàn mélòó ló ti sanwó láì pe akápò kó wá ràn án lọ́wọ́? Ìyá mi gbìyànjú rẹ̀ láti Ifo lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè mí kó tó wọlé.