Mímọ Iṣẹ́ Oògùn Wa Nígbà Ààwẹ̀
Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo ní Jikwoyi, ẹ jẹ́ kí a mọ iṣẹ́ oògùn tí dókítà kọ fún wa, kí a sì mọ ewu rẹ̀. Glibenclamide ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ kù. Kò mọ̀ pé a gbààwẹ̀. Bí a bá lò ó ní sààrì, ṣúgà lè wálẹ̀ jù kí oòrùn tó wọ̀: ara yóò máa gbọ̀n, òógùn yóò bo ni, ojú yóò sì ṣú. Ẹni tí ó bá rí èyí, kí ó fi ohun dídùn tú ààwẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Suratul Baqarah, ẹsẹ 185, yọ̀ǹda kí aláìsàn san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín; dókítà ni kí ó yí ìwọ̀n tàbí àsìkò rẹ̀ padà. Kí Allāhu fún wa ní àlàáfíà. Āmín.