Ibà tí Kò Gbọ́ Oògùn Ibà

Ẹ̀yin ará Ajah, Badore, Sangotẹ̀dó àti gbogbo agbègbè Lẹ́kkí, ibà kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ yín. Ọ̀sà àti àbàtà yí yín ká, ẹ̀fọn kò sì wọ́n. Bí ara bá ti gbóná, oògùn ibà ni ènìyàn ń wá. Ṣùgbọ́n ibà mìíràn wà tí ó jọ ti ẹ̀fọn ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì lè pa aláìsàn àti ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ọdún 2014, Patrick Sawyer, tí ó ti Làìbéríà wá, gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultant ní Ọbaléndé, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Ajah ń já èrò sí. Ibà ẹ̀fọn ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Ara rẹ̀ kò yá. Dókítà Stella Adadevoh wá rántí pé Ebola ń jà ní Làìbéríà. Ó bi í. Ọkùnrin náà ní òun kò bá alárùn kankan ṣe pọ̀. Dókítà kò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ó yà á sọ́tọ̀, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nígbà tí àwọn kan sì ní kí ó tú u sílẹ̀ dandan, ó kọ̀. Àrùn náà ni ó pa dókítà fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà, 8 kú. Bí Sawyer bá ti wọ àárín ìlú lọ, ta ni ìbá lè ka òkú?

Àwọn ènìyàn a máa dúró de ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fura. Ẹ̀jẹ̀ lè má jáde rárá. Bí yóò bá jáde, ó máa ń pẹ́. Ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn àti àárẹ̀ ni ó ń ṣíwájú, lẹ́yìn náà èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Bí aláìsàn bá ti lo oògùn ibà tí kò sàn, tí ó túbọ̀ ń rẹ̀ ẹ́, ẹ bèèrè: níbo ni ó dé láàárín ọjọ́ 21 sẹ́yìn? Òkú ta ni ó wẹ̀? Ṣé eku ń wọ inú gàrí rẹ̀? Eku ni ó ń gbé ibà Lassa kiri, èyí tí ó ń jà ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń tọ́jú ní Ọ̀wọ̀. Ó ní oògùn, bí a bá tètè lò ó.

Omi iyọ̀ tí àwọn kan mu ní 2014 kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ó pa nínú wọn.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán kan èébì, ìgbẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ ibi tí ó ti bọ̀ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó fọwọ́ kàn án.