Àlùmọ́gàjí Tí Ń Sọ Ìtàn

 

Ní Ìbòkun tiwa, kò sí ọmọ kékeré tí kò mọ ìtàn Ajíbógun. Ojú ń dun Odùduwà, ojú náà sì ń fọ́ lọ. Wọ́n ní omi òkun ni oògùn rẹ̀. Ajíbógun gbéra, ó lọ bu omi òkun, ó gbé e dé Ifẹ̀, ojú bàbá rẹ̀ sì là. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń pe Ọwá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní Ọbòkun títí di òní.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Láti Ifẹ̀ dé etí òkun, ìrìn ọjọ́ mélòó ni? Òru mélòó ni Ajíbógun sùn nínú igbó? Odò mélòó ni ó là kọjá? Ẹni tí ń sọ ìtàn náà kò sọ. Ó ní, “Ó lọ, ó bu omi, ó dé,” kò sì sí ọmọ kan tí ó dìde pé ìtàn náà kò yé òun. Onítàn ti gé ọ̀pọ̀ ọjọ́ sọnù, ó ti lẹ èyí tí ó kù mọ́ ara wọn, etí wa sì gbà á. Iṣẹ́ gígé àti lílẹ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, bí wọ́n ti ń ṣe é nínú sinimá láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di àkókò kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí sinimá kọ́kọ́ dé ayé, kò sí gígé nínú rẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tí ń jẹ́ Lumière fi sinimá han àwọn ènìyàn ní ìlú Paris, wọ́n sì gba owó ìwòran. Fíìmù kọ̀ọ̀kan kò tó ìṣẹ́jú kan. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ojú kan, wọ́n ń yí ọwọ́ rẹ̀ títí fíìmù inú rẹ̀ fi tán, ó parí nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde láti ilé-iṣẹ́. Ẹ wò wọ́n títí wọ́n fi jáde tán. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903, irú ìran bẹ́ẹ̀ dé Èkó, ní gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall. Ìyàlẹ́nu ńlá ni fún àwọn tí ó wò ó pé àwòrán ń rìn.

Ní Paris kan náà, apidán kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Georges Méliès. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ní ọjọ́ kan tí òun ń ya àwòrán ní ìgboro, ẹ̀rọ òun há. Kí ó tó tún un ṣe, àwọn ọkọ̀ tí ń kọjá ti sún síwájú. Nígbà tí ó wá wo fíìmù náà nílé, ó rí i tí ọkọ̀ tí ń kó èrò ṣàdédé di ọkọ̀ tí ń gbé òkú! Ẹ̀rọ ti bá a gé ìtàn láìròtẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti mọ̀ pé bí a bá dá ẹ̀rọ dúró, tí a mú ènìyàn kúrò, tí a sì tún ẹ̀rọ ṣí, lójú òǹwòran ẹni náà ti pòórá.

Ní ọdún 1903, Edwin Porter ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe fíìmù kan nípa àwọn olè tí ó ja ọkọ̀ ojú irin lólè. Ó fi àwọn olè hàn wá bí wọ́n ti ń sá lọ, ó sì tún fi àwọn ará ìlú hàn wá níbi tí wọ́n ti ń jó, tí wọn kò tíì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn onítàn wa ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Wọ́n á ní, “Ẹ jẹ́ kí a fi ọdẹ sílẹ̀ nínú igbó ná, kí a padà wá wo ìyàwó rẹ̀ nílé.”

Ní ìwọ̀n ọdún 1920, ará Rọ́ṣíà kan tí ń jẹ́ Lev Kuleshov ṣe ìdánwò kan. Ó mú àwòrán ojú òṣèré kan, ojú tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì sunkún. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán àwo ọbẹ̀. Ó tún lẹ ojú kan náà mọ́ àwòrán òkú nínú pósí. Àwọn tí ó wò ó ní òṣèré náà mọ iṣẹ́ ṣe púpọ̀: wọ́n ní ebi ń pa á nígbà tí ó rí ọbẹ̀, ìbànújẹ́ sì dé bá a nígbà tí ó rí òkú. Bẹ́ẹ̀ ni ojú kan ṣoṣo ni! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sí orí rẹ̀. Kì í ṣe inú àwòrán nìkan ni ìtumọ̀ wà. Ó wà níbi tí wọ́n ti lẹ àwòrán kan mọ́ èkejì.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ó fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Fíìmù ayé àtijọ́ dà bí okùn pẹlẹbẹ, àwòrán wẹ́wẹ́ tò sí ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí sinimá ti ń fọhùn, àwòrán 24 ni ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíìmù ńlá tí wọ́n ń lò ní ilé sinimá, ẹsẹ̀ bàtà 90 ni ń bá ìṣẹ́jú kan lọ. Nítorí náà, ìtàn wákàtí kan àbọ̀ gùn ju máìlì kan àbọ̀ lọ! Èyí tí wọ́n yà kí wọ́n tó yan èyí tí ó dára sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹni tí ń gé fíìmù á jókòó sí iwájú ẹ̀rọ kékeré, bí irú èyí tí wọ́n ń pè ní Moviola, tí ó jáde ní ọdún 1924. Á máa wo fíìmù lọ síwájú, á máa fà á padà sẹ́yìn. Á fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ó fẹ́, á gé e, á fi gègé kọ́ àwọn tí ó gé kúrò. Á ha etí rẹ̀, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, á sì dúró kí ó gbẹ. Bí ó bá yí ọkàn padà, á tú u, á tún un lẹ̀. Ó gba sùúrù. Bí òṣómàáló tí ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, kò ní dìde àfi bí ó bá rí gbà.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ dé ilé. Òyìnbó kan wà tí ń jẹ́ William Sellers, tí ó ṣe iṣẹ́ ìlera ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó sì ń fi sinimá kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ́tótó. Ní ọdún 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, láti máa ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, Sellers sì ni olórí rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ là á sílẹ̀ pé fíìmù tí a ó fi han ará abúlé ní Áfíríkà kò gbọdọ̀ ní gígé púpọ̀. Kí àwòrán kọ̀ọ̀kan pẹ́ lójú. Kí a má fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Wọ́n ní kò ní yé wa. Wọ́n máa ń sọ ìtàn kan pé a fi ẹ̀fọn hàn lójú sinimá, ó tóbi gàdàgbà, àwọn ará abúlé sì ní, “A dúpẹ́, irú ẹ̀fọn ńlá yìí kò sí lọ́dọ̀ tiwa.”

Ẹni tí kò rí sinimá rí lè ṣe àṣìṣe ní ọjọ́ kìn-ín-ní; bẹ́ẹ̀ ni ó rí níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ta ni ó yẹ kí a sọ fún pé fífò láti ibì kan sí ibòmíràn kò lè yé e? Ṣé ọmọ tí a fi àlọ́ tọ́ dàgbà ni? Ìjàpá wà lóko àna rẹ̀ nísinsìnyí, kí a tó ṣẹ́jú ó ti wà níwájú ọba. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn kan náà, àwọn ọ̀dọ́ ní ìlú ńlá ń fi owó ara wọn wo sinimá kọ́bọ́ì ti Amẹ́ríkà àti sinimá ilẹ̀ Íńdíà, gígé rẹ̀ ń sáré bí ẹṣin, ó sì yé wọn yékéyéké. Colonial Film Unit kógbá sílé ní ọdún 1955.

Kò ju ọdún 21 lọ lẹ́yìn náà tí Ọlá Balógun fi ṣe Àjàní Ògún ní èdè Yorùbá, ní ọdún 1976. Ní ọdún 1979 ni Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wò ó, ẹ rántí bí ẹ̀rù ti bà yín sí àwọn àjẹ́ inú rẹ̀. Ọgbọ́n Méliès ọjọ́sí ni: dá ẹ̀rọ dúró, pààrọ̀ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, gé e, lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìnáwó rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ìlú òyìnbó ni àwọn onífíìmù wa ń kó fíìmù aláwọ̀ lọ kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́.

Ẹ gbọ́ ti ọmọ wa, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Ní ọdún 1982, òun àti Ọlá Balógun gbé Ọ̀run Móoru jáde. Owó ńlá ni ó ná sí i. Àwọn olè da fíìmù náà kọ sórí fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Ènìyàn rẹ́rìn-ín títí nínú pálọ̀, kọ́bọ̀ kan kò sì dé ọwọ́ ẹni tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọdún púpọ̀ ni ọgbẹ́ náà fi wà lára rẹ̀. Bàbá Sàlá kú ní ọdún 2018. Fídíò ló kọ́kọ́ fi hàn wá pé ohun tí ó rọrùn láti dà kọ, ó rọrùn láti jí.

Síbẹ̀, fídíò náà ni ó gba iṣẹ́ sinimá là nígbà tí náírà ṣubú, tí ẹnikẹ́ni kò lè ra fíìmù mọ́. Túndé Kèlání, tí ó ti ṣiṣẹ́ ayàwòrán ní tẹlifísàn Ìbàdàn, lò ó láti fi ṣe Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní ọdún 1993. A kì í fi àlùmọ́gàjí gé fídíò ti ìgbà náà. Ẹ̀rọ méjì ni a ó gbé kalẹ̀, a ó máa da èyí tí a fẹ́ kọ láti inú ọ̀kan sí inú èkejì, ní ẹsẹẹsẹ. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ ilé-ìwé ń fi gègé dá àròkọ kọ: bí ó bá gbàgbé gbólóhùn kan ní ojú ewé kejì, àfi kí ó tún gbogbo ìyókù kọ. Bí a bá sì da àdàkọ kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwòrán á ṣá bí aṣọ tí oòrùn ti pa.

Kọ̀ǹpútà ló mú ìṣòro yìí kúrò. Ẹ̀rọ tí ń jẹ́ Avid jáde ní ọdún 1989. Ní ọdún 1997, Walter Murch gba ẹ̀bùn Oscar fún fíìmù The English Patient, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn gígé fíìmù pẹ̀lú iṣẹ́ tí a fi kọ̀ǹpútà gé. Àwòrán ti di nọ́ńbà nínú ẹ̀rọ. A lè fi ti ẹ̀yìn síwájú, a lè fi ti iwájú sẹ́yìn, kò sí gọ́ọ̀mù, kò ṣá, kò já. Lónìí, fóònù inú àpò ń ṣe é.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níbi ìkádìí ọdún ní ilé-ìwé kan. Mo ní, “Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé, ‘Ẹ fi ìwé sílẹ̀, ẹ lọ wá owó,’ ẹ sá fún un.” Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwòrán mi ti wà lórí fóònù káàkiri. Ẹnu mi ni, ohùn mi ni, mo ń sọ pé, “Ẹ fi ìwé sílẹ̀, ẹ lọ wá owó.” Wọn kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Wọ́n kàn gé orí rẹ̀, wọ́n sì gé ìrù rẹ̀ ni.

Àwọn kan fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bàbá kan wá bá mi nílé, kò jókòó. Ó ní, “Tíṣà, ọmọ mi ti lọ síbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Nígbà tí mo bá a wí, fóònù ni ó gbé sí mi lójú. Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kí òun lọ.” Mo wá ẹni tí ó ya gbogbo ayẹyẹ náà rí. Mo fi odindi ọ̀rọ̀ náà han bàbá yìí. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a lọ.” Àwa méjèèjì ni a jọ gun ọ̀kadà lọ wá ọmọ náà. Ó padà sí ilé-ìwé, ṣùgbọ́n sáà kan ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọmọ tí ó gé ọ̀rọ̀ mi, ọmọ ilé-ìwé náà ni. Ẹkún ni ó ń sun. Ó ní eré ni òun fi ṣe. Mo ní kí ó jókòó tì mí, kí ó fi bí ó ti ṣe é hàn mí. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni ó lò, kò sì tó ìṣẹ́jú méjì. Iṣẹ́ tí àwọn àgbà ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣe pẹ̀lú àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti ṣe é tán lórí ìjókòó. Àlùmọ́gàjí ti bọ́ sí ọwọ́ gbogbo wa.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí àwòrán tí ó bí yín nínú, tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ béèrè pé, kí ni ó wà ṣáájú èyí? Kí ni ó tẹ̀lé e? Ta ni ó di àlùmọ́gàjí mú? Ẹ rántí ojú òṣèré ilẹ̀ Rọ́ṣíà yẹn. Ojú kan náà ni. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni ó yí ọkàn òǹwòran padà.

Ìgbà kan wà tí àwọn ẹlòmíràn ní ojú wa kò là tó láti rí gígé. Wọ́n ṣì wá mọ̀. Ó kù sí ọwọ́ wa kí ojú náà má padà fọ́, nítorí omi òkun tí ó lè la irú ojú bẹ́ẹ̀ kò sí ní Èkó, kò sì sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìbéèrè ni.