Ìṣirò Kì Í Ṣe Ẹrù Ẹnìkan: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Ran Ara Wọn Lọ́wọ́ Ṣáájú Ìdánwò

Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá: ọmọ tó ń ṣàlàyé ìṣirò fún ẹnìkejì rẹ̀, ìdánwò tirẹ̀ ló ń múra fún. Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé ọmọ àwọn ń fi àkókò ṣòfò bó bá jókòó ti ẹni tí kò mọ̀wé tó o. Èrò yẹn kò tọ̀nà, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdánwò WAEC. Ìṣirò WAEC pín sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní obj: ìbéèrè 50, wákàtí kan àbọ̀, kí ọmọ mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Èkejì ni theory: ìbéèrè 13, wákàtí méjì àbọ̀, máàkì 100. Márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, máàkì 40 ló wà fún wọn. Nínú mẹ́jọ tó kù, ọmọ yóò mú márùn-ún fún máàkì 60. Nínú theory, ìdáhùn nìkan kọ́ ni ẹni tó ń máàkì ń wò. Máàkì wà fún ọ̀nà, ó wà fún ìdáhùn tó péye. Ọmọ tó mọ ọ̀nà ṣùgbọ́n tó ṣi ìyọkúrò kan ṣe kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Àlàyé ni ìdánwò yìí ń béèrè. Níbo wá ni ọmọ yóò ti kọ́ àlàyé ṣíṣe, bí kò bá sí ẹni tí yóò wò ó lójú, kó bi í pé, "Báwo lo ṣe dé ibẹ̀?"

Ẹ gba àpẹẹrẹ kan. Ìyá oníṣòwò kan ta aṣọ ní náírà 12,000, ó sì jèrè ìdá 20 nínú 100. Eélòó ló rà á? Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò wá ìdá 20 nínú 100 lára 12,000, wọn á rí 2,400, wọn á yọ ọ́, wọn á sì kọ 9,600. Olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ lára lè fi bírò pupa fagi lé e, kó kọ 10,000 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó kọjá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣi í lọ́sẹ̀ tó kọjá mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀. Yóò ní, "Jẹ́ ká dán an wò. Bó bá jẹ́ 9,600 ló rà á, èrè rẹ̀ á jẹ́ 1,920. Pa wọ́n pọ̀: 11,520 ni, kò pé 12,000. Iye tó rà á ni wọ́n ń ṣírò èrè lé lórí, kì í ṣe iye tó tà á. 12,000 yìí dúró fún ìdá 120." Ẹni tó gbọ́ jèrè. Ẹni tó sọ ọ́ jèrè jù ú lọ.

Ìwádìí pàápàá ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Uri Treisman, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì California ní Berkeley, ń wá ìdí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú fi ń fìdí rẹmi nínú calculus, nígbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ìran Ṣáínà ń ṣe dáadáa. Ó sún mọ́ wọn, ó wo bí wọ́n ṣe ń kàwé. Àwọn aláwọ̀ dúdú náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ kára, ṣùgbọ́n oníkálùkù ló ń dá kà. Àwọn ọmọ ìran Ṣáínà á kọ́kọ́ dá ṣe tiwọn, lẹ́yìn náà wọ́n á pàdé, wọ́n á yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Treisman kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, ìṣirò tó le gan-an ló sì gbé fún wọn. Èsì ìdánwò wọn yí padà sí rere.

Àwọn baba wa mọ ètò ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí lóko: ọ̀wẹ̀ wà, àáró sì wà. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á se oúnjẹ, èèyàn á bá a ṣiṣẹ́, ó parí. Àáró yàtọ̀: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, gbogbo oko ni a ó dé, gbogbo ọwọ́ ni yóò gbé ọkọ́. Àáró ni mo ń fẹ́ fún ìṣirò. Kí ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún para pọ̀. Kí oníkálùkù kọ́kọ́ dá gbìyànjú ìbéèrè àtẹ̀yìnwá nílé. Bí wọ́n bá pàdé, kí ẹnìkan mú onígun mẹ́ta, kí ẹlòmíràn mú ìdọ́gba, kí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú náà gba ṣọ́ọ̀kì. Bí ọ̀jáfáfá kan ṣoṣo bá ń ṣe é fún gbogbo wọn, tí àwọn tó kù ń dà á kọ, ọ̀wẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àáró.

Kí wọ́n sì máa fi Yorùbá jiyàn rẹ̀. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà, tó fi mọ́ ìṣirò, àwọn ọmọ náà sì mókè. Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC yóò fi bi wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò sì fi kọ ọ́ sílẹ̀; ṣùgbọ́n kí ìtumọ̀ kọ́kọ́ wọlé ná.

Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò ni ìrànlọ́wọ́ yìí parí sí. Kíkọ ìdáhùn fún ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn, tàbí ríra expo, ìyẹn ìdáhùn tí wọ́n ń tà ṣáájú ìdánwò, olè ni; ó ń ja ẹni tó gbà á lólè jù. Ọmọ tó ti ṣàlàyé ìṣirò títí tó yé ẹlòmíràn kò ní wá expo lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ ṣí kíláàsì kan sílẹ̀ fún wọn lẹ́yìn tí iléèwé bá parí, kí olùkọ́ kan wà nítòsí, kí àṣìṣe ẹnìkan má baà di ti gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ̀yin òbí, owó lẹ́sìnnì tí ẹ ń san dára. Ẹ tún yọ̀ǹda wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún ọmọ yín kó fi bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tijú láti sọ pé, "Kò yé mi." Ẹni tó bá mọ̀ kó má ṣe fi mímọ̀ rẹ̀ pamọ́, torí pé WAEC kì í ṣe eré ìje tí ẹnìkan ṣoṣo máa gba ipò kìn-ín-ní. Bí gbogbo kíláàsì bá yege, kò sí máàkì ẹnìkan tí yóò dín.