Èènì Ilé Tẹ́tẹ́: Ta Ló Ń San Owó Bónọ́ọ̀sì?

Láti Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tó máa ń gbọ́ wa fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ń bá wa sọ̀rọ̀ owó. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ yìí ń fún wa ní bónọ́ọ̀sì, wọ́n ń fún wa ní pọ́íǹtì. Báwo ni mo ṣe máa jẹ ẹ́ dáadáa, tí mi ò ní fi sílẹ̀ fún wọn?"

Mi ò ní bú u, mi ò sì ní wàásù fún un. Èmi náà ti béèrè ìbéèrè yìí rí, mo sì fi owó ra ìdáhùn rẹ̀.

Lágere ni mo ti ń tún fóònù ṣe nígbà yẹn. Tí iṣẹ́ bá dákẹ́, màá ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù mi. Nígbà tó yá, wọ́n ní mo ti di oníbàárà pàtàkì, wọ́n wá ń fi ìpele sí orúkọ mi. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: ó ku 40,000 náírà kí n dé ìpele tó kàn, ẹ̀bùn 5,000 náírà ń dúró dè mí níbẹ̀, àǹfààní náà sì máa parí ní ago méjìlá òru.

Owó àjọ ìyá mi wà lọ́wọ́ mi, 45,000, tí wọ́n ní kí n gbé fún alájọ ní ọjọ́ Ajé. Mo sọ fún ara mi pé mi ò ní ná an, mo kàn fẹ́ yí i kọjá ni. Mo pín 40,000 sí tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Kó tó di ago mọ́kànlá ààbọ̀, bọ́ọ̀lù kan ti gé ti àkọ́kọ́, òmíràn gé ìkejì. Mo dé ìpele náà lóòótọ́ o. Wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n sì fún mi ní 5,000.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi, wọn ò pariwo. Ọjà Odò-Ògbè ni wọ́n ti ń ta gààrí. Wọ́n ní, "Èènì ni wọ́n fún ẹ yẹn. Gààrí ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi dá àbúrò wa lóhùn lónìí. Tí ẹ bá ra kóńgò gààrí kan, onígààrí á bu ìkúnwọ́ kan lé e. Gààrí yín ti wà nínú ọ̀rá, èènì wá gorí rẹ̀. Wọn ò ní sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ padà wá ra kóńgò mẹ́wàá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ kí ẹ tó lè jẹ èènì náà. Èènì ilé tẹ́tẹ́ yàtọ̀. Inú gààrí yín ni wọ́n ti bù ú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìdíje kan wà tí ọ̀nà méjèèjì dọ́gba, bí ìgbà tí a ju owó ẹyọ sókè. Tí ìṣirò bá gún, ó yẹ kí odd rẹ̀ jẹ́ 2.00. Ilé tẹ́tẹ́ lè gbé e sí 1.85. Ẹni tó fi 1,000 ta, tó sì jẹ, á gba 1,850 dípò 2,000. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé nínú gbogbo 1,000 tí a bá fi ta, nǹkan bíi 75 ń dúró sọ́dọ̀ wọn, ẹ jẹ tàbí ẹ ò jẹ.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ta ẹyọ kan? A máa ń jo ó pọ̀ ni. Ẹ jo irú rẹ̀ márùn-ún pọ̀. Tó bá gún, 1,000 yẹ kó di 32,000. Ní 1.85, ó di 21,670. Wọ́n wá ní àwọn máa fi bónọ́ọ̀sì ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún èrè yín. Ìyẹn 2,067. A ó hó yèè, a ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ọ̀rẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: wọ́n ti bu 10,330 kúrò, wọ́n wá dá 2,067 padà, àwa sì ń dúpẹ́. Tí ẹ bá jo mẹ́wàá pọ̀, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. 1,024,000 ló yẹ, nǹkan bíi 469,600 ni wọ́n á san. Kódà tí wọ́n bá sọ èrè yẹn di ìlọ́po méjì fún yín, kò tíì dé iye tó yẹ.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kásínò Harrah's dá ètò káàdì kan sílẹ̀ ní ọdún 1997, tí wọ́n pè ní Total Gold. Caesars Rewards ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Ní 1998, wọ́n mú Gary Loveman, olùkọ́ ní Harvard, wá láti bá wọn darí iṣẹ́. Káàdì yẹn ń fún oníbàárà ní pọ́íǹtì, ó sì ń sọ fún kásínò iye tí olúkúlùkù ń ta, ìgbà tó ń wá, àti iye tó ṣeé ṣe kó pàdánù. Ẹ̀bùn tí wọ́n á fún un, orí ìṣirò yẹn ni wọ́n gbé e kà. Lórí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ wọn, dọ́là 5 tí ẹ bá fi ta ló ń mú pọ́íǹtì kan wá, pọ́íǹtì 100 sì jẹ́ dọ́là 1. Ìyẹn ni pé ẹ máa fi dọ́là 500 ta kí ẹ tó rí dọ́là 1 gbà. Tí ẹ̀rọ yẹn bá ń mú 8 nínú 100, dọ́là 40 ti lọ. Gààrí ńkọ́?

Ó yá, àbúrò, ohun tó o lè ṣe nìyí.

Àkọ́kọ́, ka òfin bónọ́ọ̀sì kó o tó gbà á. Wá ibi tí wọ́n kọ rollover sí, odd tó kéré jù, iye ìdíje tó gbọ́dọ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, àti iye ọjọ́. Ká ní wọ́n fún ẹ ní 10,000, wọ́n ní kó o fi 100,000 ta kó o tó lè gba owó jáde. Tí wọ́n bá gbà kó o ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní 1.85, nǹkan bíi 7,500 ni ìrìn yẹn máa jẹ, ó ku 2,500. Tí wọ́n bá ní mẹ́ta mẹ́ta ni kó o jo pọ̀, bíi 21,000 ló máa jẹ. Ẹ̀bùn 10,000 tó ń jẹ 21,000, fi sílẹ̀ fún wọn. Kò sí ẹni tó ní dandan ni kó o gbà á.

Èkejì, má ṣe fi náírà kan kún owó tó o fẹ́ ta nítorí ìpele tàbí nítorí ago méjìlá òru. Tí ẹ̀bùn bá bá ẹ níbi tó o ti wà, gbà á. Tó bá ní kó o sún síwájú kó o tó rí òun, má lọ.

Ẹ̀kẹta, mọ ibi tó o ti ń ta. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà fagi lé òfin lọ́tírì ti ọdún 2005, ó ní ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí kò bá ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n bá ti owó ẹ mọ́lé, ta lo máa fẹjọ́ sùn?

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù. Owó àjọ, owó ilé, owó iléèwé, má jẹ́ kó gba orí fóònù yẹn kọjá. Tó bá ti kọjá, sọ fún ẹnì kan lónìí, má dúró kó o jẹ ẹ́ padà ná. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san owó ìyá mi. Ní oṣù kìíní, ojú ń tì mí láti wọ ilé wọn. Síbẹ̀, ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́ ni oorun kọ́kọ́ kùn mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìrírí tiyín, ẹ fi ohùn ránṣẹ́, a ò ní dárúkọ yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.